Àlàfo tí Bàbá Rẹ Fi Yí Iná Inú Àjà Ká

Sẹ̀nàmi, Àjọkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí o bá rí àpòòwé yìí lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó gbé e wá, àyà rẹ á kọ́kọ́ já. Kò sí ẹni tó kú. Ara bàbá rẹ yá, ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀. Mo kọ lẹ́tà nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn ju ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù lọ, àti nítorí pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n kò ní lè sọ ọ́ dé òpin. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíkọ àti kíkà. Jẹ́ kí n lo iṣẹ́ náà fún ọmọ tèmi lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, o pè wá láti ilé tuntun yín ní Aradagun. O ní ooru fẹ́ pa yín, pé páànù ń gba oòrùn láti àárọ̀, pé yàrá tí ẹ ti tò sílẹ̀ de ọmọ tó ń bọ̀ lọ́nà gbóná bí ààrò. O ní ọkọ rẹ ti rí òṣìṣẹ́ kan tó máa gun orí àjà, kí n bá yín wá àpò mẹ́wàá èèpo àgbọn tí wọ́n ti lù di òwú, kí ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí ooru má baà wọlé. Lẹ́yìn náà ni o bi bàbá rẹ bóyá kò ní ṣe àwọn iná inú àjà yín ní nǹkan, àwọn iná róbótó mẹ́jọ tí wọ́n rì sínú píópì, tí ojú wọn nìkan ń wo ilẹ̀. Bàbá rẹ ní, "Má bi mí ní ohun tó jẹ mọ́ iná, bi àwọn tó mọ̀ ọ́n," ó sì gbé fóònù fún mi. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe lọ sílẹ̀. O rò pé inú ń bí i sí ọ tàbí sí ọkọ rẹ. Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni mo fà á.

Èyí tó yá jù ni kí n kọ́kọ́ sọ: má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yẹn gun orí àjà. Gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ níbi tí o kà á dé, pè é, sọ fún un pé kó dúró ná. Lẹ́yìn náà kí o padà wá kà á.

Ṣé o ti pè é? Ó dáa.

O kò mọ̀ pé bàbá rẹ ṣe iṣẹ́ wáyà rí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lo mọ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ tó dúdú fún gírísì, aṣọ tí kò ṣeé fọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí a tó bí ọ, òun ni oníwáyà tí wọ́n ń wá kiri láti Àgbádárìgì dé Morogbo. Kútọnú ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ó wá ṣe iná ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé wa, mo sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń ka wáyà ní Faransé, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi sọ ilé ìwé di ọjà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, irun sì kún orí rẹ̀. Jọ̀ọ́, má sọ fún un pé mo sọ ti irun.

Ọmọ Èfọ̀n ni mí, ìlú orí òkè tí ènìyàn ti ń bo aṣọ tó nípọn sùn. Nígbà tí mo wọ ilé ẹbí bàbá rẹ lẹ́bàá ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó dà bíi pé wọ́n gbé mi sínú ìkòkò tí wọ́n dé ọmọrí lé. Ìyá bàbá rẹ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, àfi pé ó ń yà wọ́n lẹ́nu pé mo ń pe ọmọ wọn ní "ìwọ". Mo ṣàlàyé pé ní ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì, a kì í fi bẹ́ẹ̀ da "ẹ" láàmú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Vi ṣie, ìwọ ṣáà máa jẹun." Ọmọ mi ni vi ṣie ń jẹ́ ní èdè Gun, o mọ̀. Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ.

Ẹja ni Ìyá ń yan. Ààrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé, èèpo àgbọn gbígbẹ sì ni a fi ń dá iná wọn láràárọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fà á ya kí iná tó rí i gbá mú. Òórùn èéfín rẹ̀ wà lára aṣọ wa, lára bẹ́ẹ̀dì wa, lára ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí lójú ẹsẹ̀.

Èèpo àgbọn yìí kan náà ló wà lórí àjà ilé. Bàbá ọkọ mi ló tẹ́ ẹ síbẹ̀ nígbà ayé wọn, bí ọ̀pọ̀ ilé etíkun ṣe ń ṣe, nítorí pé kì í jẹ́ kí ooru páànù sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí àjà ju èkúté lọ, ó dára. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni bàbá rẹ ra iná inú àjà mẹ́fà bọ̀ láti Kútọnú, ó ní ó yẹ kí pálọ̀ ìyá òun dà bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Gílóòbù wọn kéré, ṣùgbọ́n wọ́n gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò lè kàn wọ́n. Ó fẹ́ kó gbogbo èèpo àgbọn yẹn dànù, Ìyá kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ àwọn ni. Ni ó bá gbá a kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kọ̀ọ̀kan, ó fi àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ yí i ká, lókè rẹ̀ náà kò sí nǹkan kan. Ó ní òun á ra páànù wá, òun á fi ṣe ọgbà yí àlàfo náà ká. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò béèrè. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ fẹ́ obìnrin tó rò pé òun ti mọ gbogbo nǹkan.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ooru ń jò wọlé láti ìgbà tí iná òtẹ́ẹ̀lì ti dé. Ìyàwó tuntun sì ń wá ìyìn. Lọ́jọ́ kan tí bàbá rẹ lọ ṣiṣẹ́ ní Morogbo, mo gun orí àjà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èèpo àgbọn tuntun láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. Mo rí àwọn àlàfo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo rò pé ìkánjú ni, pé ọkọ mi gbàgbé láti dá èèpo padà síbẹ̀. Mo dí gbogbo wọn. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó le, mo bo orí wọn bí ẹni bo ọmọ láṣọ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wẹ̀. Nígbà tí Ìyá ní ilé tutù lónìí, mo ní bóyá atẹ́gùn ọ̀sà ni. Mo fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún bàbá rẹ, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti sọ fún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná tó wà lókè ẹní Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á kú, á tàn, márùn-ún yòókù á sì máa tàn lọ ní tiwọn. A bú àwọn oníná ìjọba títí. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí àwọn oníná fi máa mú iná ihò kan ṣoṣo nínú pálọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, ojú ọ̀run ṣú, a sì tan gbogbo iná lọ́sàn-án gangan. Èmi ń máàkì ìwé, Ìyá dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Òórùn èèpo àgbọn tó ń jó gba inú ilé. Mo gbóòórùn rẹ̀, Sẹ̀nàmi, mo sì ń máàkì lọ, nítorí òórùn ilé wa ni. Ìyá ni wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ta ló dá iná ààrò nínú òjò yìí?" Kò sí ẹni tó dá iná kankan. Bí wọ́n ṣe ń dìde jókòó ni àjà ya, ẹ̀yinná sì dà sí wọn lápá. "Miyọ́n! Miyọ́n!" Iná ni wọ́n ń pè ní èdè wọn. Bàbá rẹ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó kọ́kọ́ já iná ilé sílẹ̀ níbi mítà, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ lásán ya àjà lulẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń da iyanrìn. Àpá tí o máa ń fi ìka tọ̀ lápá òsì ìyá rẹ àgbà, tí wọ́n ń sọ fún ọ pé ẹja ló bu àwọn jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Nígbà tí ẹbí jókòó, àbúrò bàbá ọkọ mi ní, "Iná Kútọnú tí o lọ kọ́, ìyá rẹ ni o fẹ́ fi pa." Bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀. Ó ti tú gbogbo wáyà tó jó wò, ó ń wá ibi tí òun ti so ó láìdáa, kò rí i, ó sì gbà pé ọwọ́ òun ló kùnà. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí èèpo àgbọn dúdú tó dì mọ́ ara iná yẹn, mo sì mọ̀ pé kò sí èèpo níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo panu mọ́. Oṣù keje mi nínú ilé náà nìyẹn, àlejò ni mí, mo rò pé wọ́n á dá mi padà sí Èfọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún oníwáyà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Kankon. Kò fọwọ́ kan wáyà mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó sọ ọ́ bí apá Ìyá bá san. Ó san. Mo ní bí mo bá bí ọmọ. Mo bí ọ. Mo ní ó ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kì í ṣeé fi aṣọ dì. Èmi dì í fún ọgbọ̀n ọdún, ojú mi ló sì ń ta.

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn. Fi hàn ọkọ rẹ, kí ẹ sì kà á fún òṣìṣẹ́ yẹn pẹ̀lú. Kò dá mi lójú pé mo tò ó létòlétò, ẹ máa bá mi fara dà á.

Èkíní, èèpo àgbọn kò gbọdọ̀ gun orí àjà yín. Ohun tí a fi ń dá iná ẹja ni. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ débẹ̀, àpò ìrẹsì kò gbọdọ̀ débẹ̀, páálí náà kò gbọdọ̀ débẹ̀. Òwú kan wà tí wọ́n fi òkúta ṣe, òmíràn wà tí wọ́n fi dígí ṣe, iná kì í jẹ wọ́n. Ẹ gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ gbé e síta, ẹ ṣáná sí i kí ẹ tó rà á. Bí ó bá gbiná, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Èkejì, òwú tí iná kì í jẹ pàápàá kò gbọdọ̀ bo iná yín mọ́lẹ̀ bí ẹ kò bá mọ irú iná tó jẹ́. Ẹni tó wá ṣe iná yàrá àwọn olùkọ́ wa lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ló là mí lójú. Ó ní òkè ni irú iná yìí ti ń mí, pé bí o bá bò ó, ooru rẹ̀ kò ní ibi tó máa gbà, á máa yí padà sórí ara rẹ̀ títí á fi jó ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún bíbò, a sì máa wà lára rẹ̀ ní kíkọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ kà á. Bí ẹ kò bá rí i kà, ẹ kà á sí èyí tí a kì í bò. Ìbú ọwọ́ kan, àtàǹpàkò mọ́ ọn, ni kí ẹ fi sílẹ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí òkè rẹ̀ sì wà gbayawu. Lọ́jọ́ tí ẹni yẹn là mí lójú, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, mo sunkún.

Àlàfo nìkan kò tó. Òwú a máa yọ̀, èkúté a máa fà á, ìyàwó tuntun sì wà láyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páànù ṣe ọgbà róbótó yí iná kọ̀ọ̀kan ká, kí ó ga ju òwú lọ, kí wọ́n ká etí rẹ̀ kí ó má baà gé wáyà. Kì í ṣe igi, kì í ṣe páálí.

Ẹ yọ gílóòbù tó bá gbóná kúrò, ẹ lo àwọn tí kì í gbóná púpọ̀, ẹ má sì fi èyí tó lágbára ju ohun tí wọ́n kọ sára iná náà lọ. Àwọn tí kì í gbóná yìí ní àpótí kékeré kan tó ń bá wọn rìn lókè, òun ló ń gbóná dípò wọn. Ẹ má rì í sábẹ́ òwú.

Bí iná ihò kan bá ń kú tó ń tàn fúnra rẹ̀, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó lọ wo òkè rẹ̀. Bí òórùn iná bá gba ilé, ẹ béèrè ibi tó ti wá, kódà bó jẹ́ òórùn tó ti mọ́ yín lára.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè, ẹ pa iná pátápátá, kí ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì, nítorí àwọn náà lè rán iná lọ sórí wáyà. Orí igi àjà ni kí ó máa tẹ̀, kì í ṣe orí píópì. Kí ó di imú, òwú dígí máa ń yún ni bí wèrèpè.

Èyí tó kàn kò kan iná mọ́, tàbí kó jẹ́ pé òun ló kàn án jù. Àjọkẹ́, bí o bá rí àlàfo nínú iṣẹ́ ọkọ rẹ, bi í léèrè kí o tó dí i. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bí ìwọ bá sì ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àṣìṣe máa ń kéré jù. Èmi ì bá kúnlẹ̀ níwájú ẹbí lọ́jọ́ náà, wọn ì bá bú mi, bóyá wọn ì bá tilẹ̀ rán mi lọ sílé fún oṣù kan. Bàbá rẹ ì bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ń se oúnjẹ fún un bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìgbà tí o pè wá, n kò lè jẹun dáadáa. Ọmọ mi fẹ́ gbé èèpo àgbọn sórí yàrá ìkókó, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n jù nínú ilé yìí sì ń sọ pé òun kò mọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ fún un létí ọ̀sà níbi tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń nu irin kan náà títí. Kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ó wá bá mi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Tíṣà, ìyẹn ni pé ọwọ́ mi kò kùnà."

Mo ní, "Kò kùnà rí."

Ó ní, "Màmá mi kú, wọn ò gbọ́ ọ." Ó dìde, ó sì wọlé.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Lánàá, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí lórí tábìlì, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ka ibi tí mo kọ ìmọ̀ràn sí, ó sì ní kí n fi kún un pé jẹnẹrétọ̀ wà. Òun ló ni ìlà yẹn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún ọ pé kí ẹ má jẹ́ kí oníwáyà kankan fọwọ́ kan iná yín, pé òun ń bọ̀ ní Aradagun lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra òun ló máa gun òkè, kí ẹ pa iná de òun, kí ẹ sì wá ẹni tó máa di àkàbà mú.

Mo ní èmi ni mo máa dì í mú. Kò tíì dá mi lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń ka ọjọ́ títí di Sátidé.